Agbárí Tí Kò Lórúkọ: Àwọn Obìnrin Nápólì àti Òkú Abẹ́ Ilẹ̀



Láyé àtijọ́, bí àgbà tó bímọ bá kú nílẹ̀ Yorùbá, inú ilé la ti ń sin ín. Ọmọ rẹ̀ á máa sùn, á máa jí nítòsí rẹ̀, á sì máa fi obì àti omi tútù bọ ojú oórì náà. Òkú bẹ́ẹ̀ kò lè di ẹni ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bójú tó òkú tí kò lọ́mọ, tí kò lórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀dí rẹ̀? Ìlú Nápólì ní ilẹ̀ Ítálì ni màá mú yín lọ lórí ìbéèrè yìí.

Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sanità. Ọ̀kan nínú àwọn ibojì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Gaudiosus, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà tó sá fún àwọn Vandal kúrò níbi tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ní ọ̀rúndún karùn-ún. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn àlùfáà Dominican ń sin àwọn ọlọ́lá síbẹ̀. Wọ́n á gbé òkú jókòó sínú ihò ara ògiri, omi ara rẹ̀ á máa ro sínú àwo ìsàlẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Wọ́n á wá mọ agbárí rẹ̀ mọ́ ògiri, ayàwòrán á ya ìyókù ara sábẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ irú ẹni tó jẹ́ láyé. Owó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tálákà, Fontanelle, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni òkú tiwọn wà. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ìkọ́lé ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn pa bí ìdajì ará ìlú ní 1656, ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì kò gba òkú mọ́. Ihò òkúta yìí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí. Kọ́lẹ́rà ọdún 1837 tún fi kún wọn. Ní 1872, àlùfáà àdúgbò náà, Gaetano Barbati, kó àwọn obìnrin agbègbè jọ, wọ́n to itan bí ẹni to igi ìdáná, wọ́n to agbárí lérí ara wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ká mi lára jù. Àwọn obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ agbárí di ẹbí. Obìnrin á mú ọ̀kan, á nù ún mọ́ tónítóní, á tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, á tan àbẹ́là, á gbàdúrà fún un, pàápàá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gbà pé iná pọ́gátórì, níbi tí ọkàn ti ń wẹ̀ mọ́ kó tó dé ọ̀run, ń jó ọkàn náà, àdúrà alààyè ló sì lè tù ú lára. Òkú á wá bá a lójú àlá, á sọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe kú. Obìnrin náà á tọrọ ọkọ, á tọrọ ọmọ, ìwòsàn, títí kan nọ́ńbà tẹ́tẹ́ tí yóò jẹ. Bó bá rí i gbà, yóò kan àpótí fún agbárí náà, ti igi tàbí ti mábù, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Bí kò bá rí i gbà, ó lè fi í sílẹ̀ mú òmíràn. Agbárí kan tí wọ́n ń pè ní Donna Concetta máa ń dán nígbà tí eruku bo ìyókù. Wọ́n ní òógùn ló ń là: ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ rẹ̀ rin, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti gbà.

Ní 1969, Kádínà Corrado Ursi fòfin de àṣà yìí. Ọ̀rọ̀ Ìjọ Àgùdà yé mi: wọ́n ní ó ti kúrò ní àdúrà fún òkú, ó ti di bíbọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní àìmọ̀kan ń fi ìyà jẹ àwọn obìnrin náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyá àti ìyàwó mélòó ni kò rí òkú èèyàn wọn sin? Lójú tèmi, egungun ọmọ ẹlòmíràn tí wọ́n ń nù yẹn, ọmọ tiwọn ni wọ́n ń tọ́jú. Àwa náà ní òkú bẹ́ẹ̀ ní mọ́ṣúárì wa, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé, tí wọ́n ń sin pọ̀ sínú kòtò kan. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tan àbẹ́là fún wọn.

Fontanelle wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2010, àwọn ará Sanità wọ ibẹ̀ lọ, wọ́n jókòó ti àwọn òkú náà, wọ́n ní àwọn kò ní jáde àfi bí ìjọba ìlú bá ṣí i. Wọ́n sì ṣí i.