Àkọ́bí Lotus Tí Ó Sọnù

Ní ọdún 1948, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Colin Chapman, tú ògbólógbòó ọkọ̀ Austin 7, ó sì fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti álúmínì kan ara tuntun fún un, kí ó lè fi díje. Àkọ́bí Lotus nìyẹn. Ní 1950, ó tà á. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ohun ìtàn ni. Láàrin 1963 sí 1978, Lotus gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 7 tí í ṣe ti àwọn tí ń kan ọkọ̀ eré-ìje Formula One. Síbẹ̀, ní 2018, wọ́n ṣì ń bẹ aráyé kí wọ́n bá wọn wá àkọ́bí náà. Odò kì í gbàgbé orísun rẹ̀. Bí a bá ta ohun tí a fọwọ́ ara wa ṣe, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sílẹ̀.