Àdúrà Ọ̀tá Ti Gba Àyè Ìràpadà Nínú Ilé Wa

   Ọ̀rọ̀ ló wà níkùn bàbá yín tó ń sọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ àpéjọ ẹgbẹ́ wa yìí gbé lé e lọ́wọ́ yé e. Wọ́n ní kó ṣàlàyé bí ìdílé Yorùbá tó jẹ́ Kristẹni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe lè fi oúnjẹ, eré, ìtàn àti àdúrà inú ilé kọ́ ọmọ ní ìràpadà. Yóò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń dùn ún tipẹ́, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ láì sọ ọ́.

Ó sùn mọ́jú nígbà kan ní ilé ẹbí kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, agogo dún. Ilé ọmọlúàbí ni. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta jáde sí pálọ̀ nínú òtútù. Wọ́n kọ orin kan, bàbá ilé ka ẹsẹ Bíbélì méjì, kò ṣàlàyé, ó di àdúrà. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ọ̀tá ni wọ́n ń lé: ọ̀tá ilé bàbá, ọ̀tá ibi iṣẹ́, ọ̀tá tó di ìwé ìgbélùú wọn mọ́lẹ̀, àjẹ́ ìdílé ìyá. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méje, ń fi ìkúùkù gún afẹ́fẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń pariwo, "Kú! Kú! Kú!" Nígbà tí wọ́n jókòó ti ògì, bàbá yín bi ọmọ náà léèrè pé kí ni Jésù ṣe fún un. Ó gbé ṣíbí dúró, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó ń bá Dádì pa àwọn èèyàn burúkú."

Ọmọ náà kò parọ́. Ohun tó ń gbọ́ láràárọ̀ ló sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ẹnì kan san nǹkan lórí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n wa. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ 240 tí adúláwọ̀ pọ̀ jù nínú wọn, ní agbègbè Southwark nìkan ṣoṣo. Ẹ gba Old Kent Road kọjá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ óò gbọ́ ìlù láti inú ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ẹrù rí. Síbẹ̀ bàbá á wa ọkọ̀ gbé ọmọ lọ, á fà á lé tíṣà ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ fún wákàtí kan, á sì gbà pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ti parí fún ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí Robert Raikes dá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ ní Gloucester ní 1780, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé, tí kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn níwèé, ló ń rò. Kò dá a sílẹ̀ kí bàbá tó mọ̀wé lè rí ibi gbé iṣẹ́ rẹ̀ jù sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra èèyàn padà kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Samuel Johnson kọ nípa ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹni tó bá yá owó a fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì dúró fún èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Ó lè fi ogún ọdún ro oko, gbèsè náà á ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àfi kí ẹlòmíràn mú owó wá.

Ìyá-ìyá bàbá yín ṣe ìwọ̀fà. Gbèsè ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀ ní ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ ṣe aláàárù, ó ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú, ó ń tu owó jọ. Ìyá arúgbó náà a máa sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ata ni òun ń lọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọmọ ọlọ sílẹ̀ lórí ata, kò dúró fọwọ́. Ata ń ta á lọ́wọ́ títí wọ́n fi délé, kò mọ̀. Bó bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì síta, gbogbo ọmọ inú yàrá á sì máa wo ọwọ́ náà.

Lẹ́yìn ìtàn yẹn ni ìyá bàbá yín máa ń ṣí Léfítíkù orí 25, níbi tí òfin ti fún ará ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìbátan rẹ̀ tó ta ara rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ mìíràn, ìwé Rúùtù ni: Bóásì jókòó ní ẹnubodè ìlú níwájú àgbààgbà mẹ́wàá, ó ra ilẹ̀ Élímélékì padà. Á wá sọ ohun tí Pétérù kọ sí àwọn ìjọ, pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà ni wọ́n san lórí wa, ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tó bèèrè ìtumọ̀. Wọ́n ti rí ọwọ́ ìyá àgbà.

Ta ló ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ nílùú yìí? Ojú ń ti àwọn kan pé ìwọ̀fà wà nínú ìdílé wọn. Olóyè kan tó jókòó sí ìlà kejì yìí sọ ọ́ ní gbangba lọ́jọ́sí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba orúkọ ilé jẹ́. Olóyè, ẹ kú ìjókòó. Gbèsè tí ẹ̀gbọ́n ti san, kí ló fẹ́ bàjẹ́ nínú orúkọ ilé?

Ẹni tí kò bá sì rí ìtàn nínú ìdílé tirẹ̀, Àjàyí Crowther wà fún gbogbo wa. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin, pé lẹ́yìn náà wọ́n tún ta òun gba tábà àti ọtí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti Afala ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ohùn kò jáde. Ní oṣù kejì 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó ń jẹ́ Hánà.

Ìdílé kan ní Birmingham lẹ máàpù ńlá mọ́ ògiri yàrá ìjẹun wọn nítorí ìtàn yìí. Nígbà àwẹ̀ Lẹ́ńtì, àwọn ọmọ á na òwú pupa láti Òṣogùn dé Ìsẹ́yìn, dé Èkó, dé Freetown, wọ́n á sì nà án padà dé Badagry àti Abẹ́òkúta, ìlú kan ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ní alẹ́ tí òwú dé Abẹ́òkúta, bàbá wọn bi wọ́n pé èló ni wọ́n rò pé èèyàn lè kó wá kí òun tó ta ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin àárín ní kò sí iye. Ibẹ̀ ni bàbá ti gbé ọ̀rọ̀ àgbélébùú kalẹ̀, àwọn ọmọ sì dákẹ́, wọ́n gbọ́.

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò gbé ẹ̀kọ́ yìí lé àlùfáà nìkan lọ́wọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 12, ọ̀dọ́ àgùntàn kan fún ilé kan, ẹ̀jẹ̀ lára òpó ilẹ̀kùn, ewébẹ̀ kíkorò àti àkàrà aláìwú fún jíjẹ, ó sì ti mọ̀ pé ọmọ á bèèrè ìdí. Àwọn Júù ní Stamford Hill, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ṣì ń jẹ oúnjẹ Ìrékọjá náà nínú ilé wọn. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló ń bèèrè, àgbà ló ń dáhùn, wọ́n sì ń fi àkàrà aláìwú kan pamọ́ kí àwọn ọmọdé lè wá a kiri.

Nọ́ọ̀sì kan ní Leeds, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń dá tọ́ ọmọ méjì, ń ṣe tirẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Ewúro ló ń já sínú àwo, kò ní fọ̀ ọ́. Á so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ewé kan sẹ́nu. Ọ̀kan á fojú ro, èkejì á sáré lọ sídìí síǹkì. Wọ́n á bèèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì kò fọ ewúro. Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Á sọ ìtàn oko ẹrú Íjíbítì fún wọn títí dé Kálfárì, kó tó gbé ọbẹ̀ ewúro tó fọ̀ dáadáa kalẹ̀ pẹ̀lú iyán. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kí àǹtí àwọn ọmọ tó dé, kí òun náà tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò sí àyè, ẹ gbọ́.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé lèyí, pé kò sí agbára níbẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa. Ní 1529, Martin Luther kọ ìwé katikísìmù kékeré fún olórí ilé kó fi kọ́ ará ilé rẹ̀. Ní 1839, ní Hamburg, àwọn ọmọ tálákà tí Johann Hinrich Wichern ń tọ́ kò yé bèèrè pé ìgbà wo ni Kérésìmesì máa dé. Ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, ó to àbẹ́là pupa kéékèèké sí i fún àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó fi funfun ńlá mẹ́rin sí i fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi. Ìyẹn ló bí òrùka àbẹ́là tí ẹ ń rà lójà ní oṣù kọkànlá. Nílẹ̀ tiwa, nígbà tí Anna Hinderer, míṣọ́nnárì, àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, ilé tó ń gbé ní Kúdẹtì ló fi tọ́ àwọn ọmọ. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́. Ogun Ìjàyè sé wọn mọ́ Ìbàdàn láti 1860, oúnjẹ wọ́n, wọ́n ta ohun ìní wọn kí ọmọ inú ilé lè jẹun. Àwọn ọmọ náà fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n san lórí wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan kún un, nítorí àwọn tó bá bàbá yín jà lórí rẹ̀ wà níjókòó. Ìwé aláìlọ́rọ̀ tí tíṣà ọjọ́ ìsinmi ń lò, Charles Spurgeon ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwàásù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ní 1866, pẹ̀lú ojú ewé dúdú, pupa àti funfun láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí wọn. D. L. Moody fi àwọ̀ wúrà kún un ní 1875. Ohun èlò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ojú ewé dúdú sókè níwájú ọmọ dúdú kan ṣoṣo nínú kíláàsì, tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ nìyí, ohun mìíràn ni ọmọ yẹn gbọ́. Wọ́n ní bàbá yín ń mú òṣèlú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹ bá ọmọ yín rán ìwé náà nílé, ẹ fi aṣọ tó fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ rọ́pò ojú ewé yẹn.

Ó di orí ọ̀tá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní yunifásítì kan ní Manchester sọ fún bàbá yín pé òun kò gbàdúrà mọ́. Kò bínú sí Ọlọ́run. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa pa èèyàn. Ìyá rẹ̀ ń sunkún pé Òyìnbó ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Òyìnbó kọ́! Ní pálọ̀ yín ni ọmọ yẹn jókòó sí láràárọ̀ títí ó fi dàgbà, ẹ kò sì fún un ní nǹkan kan ju ariwo àti ìfura lọ. Ẹ kọ́ ọ láti bẹ̀rù ìyá àgbà tó ń fi fóònù kí i láti ilé. Ẹ má ṣe fi Sáàmù gbèjà ara yín. Dáfídì bá ọ̀tá jà nínú Sáàmù, òótọ́ ni. Dáfídì kan náà ló wá ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù kàn, Mẹfibóṣẹ́tì tó yarọ, tó sì fi í jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ títí ayé. Ẹ ti ka ìyẹn fún ọmọ yín rí?

Ó ku èyí tí alága kò fẹ́ kí a sọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé ìpàdé ti pín ẹgbẹ́ yìí sí méjì, àwọn bàbá wà níbí tí wọn kì í kí ara wọn. Apá ọ̀tún àti apá òsì ni wọ́n jókòó sí lónìí, àwọn ọmọ wọn wà ní kíláàsì kan náà, wọ́n sì mọ gbogbo rẹ̀. Bàbá á kúnlẹ̀ nílé, á dúpẹ́ pé a ti san gbèsè òun. Á dìde, á kọ ẹ̀yìn sí ará ìlú rẹ̀ nítorí owó. Èwo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Ohun tí bàbá yín ń bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kò pọ̀. Ní àpéjọ ọdún tó ń bọ̀, kí a yọ wákàtí méjì nínú ìnáwó alẹ́ Sátidé, kí ìlù dákẹ́, kí a dáwọ́ owó níná dúró, kí bàbá àti ìyá jókòó ti ọmọ tiwọn pẹ̀lú ewúro, òwú àti Bíbélì Yorùbá. Kí àwọn bàbá apá ọ̀tún àti apá òsì jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìgbìmọ̀ ti ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Bàbá yín kò bèèrè àgbéyẹ̀wò. Ọjọ́ àti aago ló ń bèèrè, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó túká lónìí.