Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀kùn Kóòtù Wà ní Ṣíṣí



Iṣẹ́ oníròyìn ló máa ń gbé mi dé kóòtù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ padà, ẹ ò lè wọlé." Wọn ò sọ ìdí. Ọkàn mi lọ sí ọdún 1995, nígbà tí a ṣì wà lọ́mọdé.

Lọ́dún náà, ìjọba Abacha kó Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti àwọn mìíràn síwájú ìgbìmọ̀ ológun, wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Kúnlé Ajíbádé, oníròyìn bíi tèmi, wà níbẹ̀ nítorí ìròyìn tí TheNEWS gbé jáde. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un, kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún 15. Dókítà Beko Ransome-Kuti náà lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀sùn rẹ̀? Ó fi ọ̀rọ̀ tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bello-Fadile fi gbèjà ara rẹ̀ ránṣẹ́ síta. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Lóòótọ́, adájọ́ lè ní kí èrò jáde nítorí ààbò ìlú tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìdí fún wa.

Ojú ìlú ló ń jẹ́ kí adájọ́ ṣọ́ra. Bí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Ogun Waterside, ẹ yà síbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́.