Scooter Háyà Ní Zanzibar: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ, Ká sì Bọ̀

Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò Zanzibar sórí WhatsApp wa, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí: "Coordinator, ṣé ó rọrùn láti háyà scooter níbẹ̀?" Ó rọrùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

Ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé wa dé Dar es Salaam, ní Tanzania. Nígbà tó parí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú omi, ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì ká tó gúnlẹ̀ sí Stone Town. Èmi ò gun scooter rí. Kò ní gíà tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ yí. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ ọ̀tún yí i báyìí, ó ti gbéra nìyẹn. Àtisáré ò le. Àtidúró ló le.

Àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí pé bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe nílé yìí, kí ìjọba tó yí i sí ọ̀tún ní April 2, 1972. Lójú ọ̀nà tààrà, kò sí wàhálà. Oríta ló ń dani láàmú. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ló máa pariwo "Òsì!" ní gbogbo oríta. A ṣe é títí dálẹ́.

Ìkejì ni ìwé. Ọlọ́pàá máa ń dúró lọ́nà, wọ́n á sì béèrè láísẹ́ǹsì: ti àgbáyé, tàbí ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní Zanzibar. Ẹ má rò pé torí ọlọ́pàá nìkan ni o. Ẹni tó bá ṣubú láìní láísẹ́ǹsì, adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó ọsibítù. Ta ló máa wá san án? Ìyá rẹ nílé ni.

Ìkẹta, ẹ yẹ bíréèkì, táyà àti iná wò. Ẹ ya fídíò gbogbo ibi tó ti ha kẹ́ ẹ tó gbé e, kí wọ́n má baà ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ má fi páálí ìrìnnà yín dúró.

Ẹ wá gbọ́ adùn rẹ̀. Nínú igbó Jozani, a rí ọ̀bọ ẹlẹ́yìn pupa tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní àwọn erékùṣù yẹn. Ní Paje, òkun fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin wà nínú omi tó kù, wọ́n ń tọ́jú koríko òkun tí wọ́n so mọ́ okùn. Ọkùnrin kan bu nǹkan sí mi lọ́wọ́, ó ní "karafuu". Mo gbóòórùn rẹ̀: kànáfùrù wa ni! Bọ́ọ̀sì ì bá ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó rọra ń lọ ló ń rí nǹkan.

Àṣíborí ńkọ́? A dé e látàárọ̀ dalẹ́, oòrùn ń pa wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a ti sin ẹgbẹ́ wa ní ìlú yìí nítorí ọ̀kadà. Kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tá a bá dé ìlú onílùú la máa tó mọyì orí wa. Látònì lọ, ẹni tó bá máa gun alùpùpù wá sípàdé ọ̀dọ́, kó dé àṣíborí wá.

Ìlú wa á tòrò o.