Ta Ni Ó Gé E Lọ́wọ́? Èdè, Ewu àti Òfin ní Ibi Iṣẹ́ Kéékèèké ní Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Apòmù

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ààbò ní ibi iṣẹ́. N kò mọ ẹ̀rọ tún ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn, kí a sì béèrè pé: ta ni ó ṣe é? Ta ni wọ́n ṣe é sí? Ta ni asọ̀tàn fi sílẹ̀ láìdárúkọ?

1. Ìtàn tí kò ní ènìyàn nínú

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yà sí ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní ìtòsí Gbọ̀ngán. Mo rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí ìka méjì kò sí ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ dáhùn pé, ‘Ẹ̀rọ ni ó gé e lọ́wọ́.’ Ìyá àgbà kan fi kún un pé, ‘Àmúwá Ọlọ́run ni.’

Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn méjèèjì wò. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ni olùwà. Òun ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Nínú èkejì, Ọlọ́run ni. Kò sí ènìyàn kankan tí ó lọ́wọ́ sí i nínú méjèèjì. Olóhun ẹ̀rọ kò sí nínú ìtàn yìí. Bẹ́líìtì tí ń yí láìní ìbòrí kò sí níbẹ̀. Páànù ìbòrí tí a kò fẹ́ náwó sí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

N kò sọ èyí láti fi bú ìyá àgbà náà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ‘àmúwá Ọlọ́run’. Òun ni a fi ń rẹ ẹni tí ó farapa lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dára fún ìtùnú lè ba ìwádìí jẹ́. Bí a bá ti fi ọ̀ràn náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò dìde lọ bo bẹ́líìtì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò dúró nídìí ẹ̀rọ kan náà.

2. Bí òfin ṣe ń sọ ọ́

Ọ̀tọ̀ ni bí òfin ṣe ń sọ ìtàn yìí. Nínú òfin tí a jogún láti ayé àwọn Òyìnbó, ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé mẹ́wàá kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ni ó yí èyí padà: bí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo bá ti wà níbẹ̀, òfin lè kà á sí ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wá kan ìsọ̀ wẹ́dà, ibi tí a ti ń la gẹdú, àti ibi tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́. Òfin náà ní kí olóhun ibi iṣẹ́ bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu. Ó ní kí ó fi tó alábòójútó ìjọba létí bí ìjàm̀bá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí bí kò bá jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Òfin mìíràn, ti 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa dáwó sínú àpò tí àjọ NSITF ń tọ́jú, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ó ń san, kí a lè rí owó fún ẹni tí ó bá farapa.

Ẹ kíyè sí i pé ènìyàn ni olùwà nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n, wọn kò sì tíì dé ìdí ẹ̀rọ.

3. Omi àti èéfín

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ti ìka. A máa ń sọ pé, ‘Omi odò ti bàjẹ́.’ Ta ni ó bà á jẹ́? Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanide wà nínú ẹ̀gẹ́. Bí a bá fún un, púpọ̀ nínú rẹ̀ a bá omi lọ. Bí omi yẹn bá sì wọ inú odò, ó lè pa ẹja. Odò kékeré a máa wọ odò ńlá. Odò Ọ̀ṣun tí ó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá ni wọ́n sé ní Aṣéjìrè, tí kò jìnnà sí Ìkirè, tí ará Ìbàdàn sì ń mu.

Bákan náà ni àwọn ìyá tí ń dín dòdò Ìkirè, àti àwọn tí ń se epo pupa, ń fa èéfín símú láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ikọ́ bá dé, a ó ní òtútù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ní 2020.

Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa. Òkúta wúrà ni àwọn òbí wọn ń lọ̀, àwọn mìíràn nínú àgbàlá ilé. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ẹnìkan lè sọ pé tálákà ni àwọn onísẹ́ kéékèèké wọ̀nyí, àti pé òfin yóò lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ wọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Alábòójútó tí kò mú nǹkan dání ju ìwé owó ìtanràn lọ, agbowó-orí ni àwọn ènìyàn yóò pè é. Ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìjìyà. Ṣùgbọ́n páànù tí a fi ń bo bẹ́líìtì, kòtò tí a gbẹ́ jìnnà sí odò fún omi ẹ̀gẹ́, àti ààrò tí ó ní ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde, kò tó owó tí a ó ná sí ọwọ́ kan tí ó gé.

Ohun tí mo ń bẹ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ wa ni pé kí a túmọ̀ àwọn òfin wọ̀nyí sí Yorùbá, ní gbólóhùn kúkúrú tí ènìyàn jẹ́ olùwà nínú rẹ̀: ‘Ìwọ olóhun ẹ̀rọ, bo bẹ́líìtì rẹ.’ Kí a kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onígàrí, ti àwọn wẹ́dà àti ti àwọn alágẹdú. Kí àwa náà sì yí ìbéèrè wa padà. Bí wọ́n bá tún sọ fún wa pé ẹ̀rọ ni ó gé ọmọ lọ́wọ́, kí a béèrè ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà, àti ibi tí ìbòrí rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ kò lè bo ara rẹ̀.