Àjàkálẹ̀ Ọdún 1918, Ọ̀wọ́n Ìrẹsì àti Ẹ̀bi Àlejò

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí àjàkálẹ̀ bá jà, kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbé e wọ̀lú la máa ń dá lẹ́bi. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fún wa, tí èdè rẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, là ń nàka sí.

Ẹ jẹ́ ká wo Freetown ní Sàró (Sierra Leone). Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jà lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì, HMS Mantua, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1918. Nǹkan bí 200 atukọ̀ inú rẹ̀ ni influẹ́ńsà ti dá dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó èédú sínú ọkọ̀, ó sì ràn káàkiri ìlú. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ ti gbé e gba Accra dé Èkó. Wolé-wolé ń wá aláìsàn láti ilé dé ilé, àwọn ará ilé ń fi wọ́n pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú. Rélùwéè gbé àrùn náà lọ sókè. Ọkọ̀ ọba, èbúté ọba, rélùwéè ọba: ọ̀nà tí àrùn gbà nìyẹn.

Ta wá ló jìyà rẹ̀? Ní Sàró, ogun àti àrùn ti dín oúnjẹ kù, ìrẹsì sì wọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 1919, ariwo ta pé àwọn ará Síríà ló kó ìrẹsì pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ òwò wọn pẹ̀lú iyùn tí wọ́n ń kiri. Àwọn èrò já ìsọ̀ wọn, wọ́n kó ẹrù lọ. Ìjọba ní láti kó wọn, tọkọtaya àtọmọ, sábẹ́ ààbò. Lákòókò yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó àjẹmọ́nú ogun tí ìjọba kò fún wọn. Ìjọba ló jẹ gbèsè, ìsọ̀ àlejò ni wọ́n fọ́.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ìdílé Freetown jẹ́ Akú, ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Àwọn náà ti ṣe àlejò rí.

Ẹ má ṣe rò pé Sàró nìkan ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrùn, Yorùbá àti Haúsá kọlu ara wọn ní Máìlì 12 ní Èkó níhìn-ín, ìjọba sì ti ọjà ibẹ̀ pa. Nígbà kòrónà lọ́dún 2020, àwọn gómìnà òkè Ọya kó àwọn ọmọ ilé kéwú tí à ń pè ní almajiri láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ sílé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti Kano lọ sí Kaduna ti ní àrùn náà lára. Lílé tí wọ́n lé wọn ló ràn án lọ́wọ́ láti rìn.

Nítorí náà, bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, tí tòmátì sì gbówó lérí, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ìlú ẹni tó ni ìsọ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó ti ọ̀nà pa, àti iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ awakọ̀ kí ẹrù tó dé. Kí ìkéde ìlera jáde ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Ègùn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun kò ní jẹ́wọ́ pé ara òun ń gbóná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la sì jọ ń gbé.