Kí Ilé Tó Yan Búrẹ́dì

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, búrẹ́dì ti di ohun tí à ń wò lẹ́ẹ̀mejì ká tó rà. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń lọ̀ ní Nàìjíríà ti ń wá, dọ́là la sì fi ń rà á. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì nílé kò bọ́ lọ́wọ́ dọ́là, torí fúláwà kan náà ni. Owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti èrè alágbàtà ló yọ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

Ẹ lè ní gáàsì á jẹ owó tó yọ kúrò ọ̀hún tán. Ó lè jẹ ẹ́ lóòótọ́, bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́ yan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ìkòkò ńlá tí a da yanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀ lẹ ti ń yan án, bí yanrìn náà bá ti gbóná, iná tó yan ẹyọ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì yan. Nítorí náà, bírò àti ìwé ló ṣáájú yíìsì: ẹ kọ iye búrẹ́dì tí ilé yín ń jẹ lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣírò fúláwà, ṣúgà àti gáàsì sí i. Bí kò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ra tọjà.